Iná bíréèkì òkè ń tàn, méjì ìsàlẹ̀ kò tàn: ṣé súwíìṣì ni?

Àyọ̀ká: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tí mo bá tẹ bíréèkì, iná tó wà lára gíláàsì ẹ̀yìn ń tàn, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún àti ti òsì kò tàn. Mo ti pààrọ̀ gílóòbù méjèèjì, fíùsì ò sì jó. Èyí tó wá rú mi lójú ni pé tí mo bá tan iná pákìǹ, ẹ̀yìn á tàn dáadáa, àmọ́ bí mo bá ti tẹ bíréèkì báyìí, ṣe ni iná pákìǹ á rọlẹ̀. Wọ́n ní kí n ra súwíìṣì bíréèkì. Ṣé kí n rà á?

Kọ́lá: Ẹ má rà á. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, súwíìṣì orí pẹ́dà yẹn ló ń bọ́ iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tó bá ti kú, ti òkè náà kò ní tàn. Iná pákìǹ tó ń rọlẹ̀ ló tú àṣírí: ó jọ pé earth ni, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà sí irin ara mọ́tò. Wáyà tín-ín-rín méjì ló wà nínú gílóòbù ẹ̀yìn, ti pákìǹ 5W, ti bíréèkì 21W, earth kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ti pákìǹ kì í fà tó ààbọ̀ amp. Ti bíréèkì ń fà tó 1.75 amp lórí gílóòbù kan. Earth tí ìpatà ti jẹ lè gbé ẹrù kékeré yẹn, kò lè gbé ńlá.

Rẹ̀mí: Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ yí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sí 20V DC. Ẹ fi ẹnu dúdú kan orí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí ẹ fi pupa kan earth sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí gílóòbù ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ẹnì kan wá tẹ bíréèkì. Tí kò bá ju 0.2V lọ, earth dára. Tó bá ti ń wọ 3V sókè, ibẹ̀ náà ni.

Àyọ̀ká: Mo ti wọ̀n ọ́n, ọ̀gá. 6.4V, lọ́tùn-ún àti lósì.

Kọ́lá: Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe rí bákan náà yẹn, a jẹ́ pé ibì kan náà ni wọ́n ti pàdé. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù, kí ẹ tọ wáyà earth láti ẹ̀yìn iná lọ títí dé ibi tí wọ́n ti fi bóòtì dè é mọ́ irin. Ẹ tú u, kí ẹ fi sáńpépà ha etí wáyà àti irin abẹ́ rẹ̀ títí wọ́n á fi dán. Ọ̀dà kò gbọdọ̀ kù síbẹ̀. Ẹ dè é kó le, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi gírísì bo orí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dá yín lójú kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ fa wáyà kan láti earth sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí irin tó mọ́; tí iná bá tàn rokoṣo, ọ̀rọ̀ ti parí.

Fẹ́mi: Ẹ tún wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí ike rẹ̀ bá ti dúdú tàbí tó ti yọ́, kò sí sáńpépà tó lè tún un ṣe, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo gílóòbù tuntun yẹn náà: imú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ P21/5W, ìyẹn gílóòbù oníwáyà méjì, kò dọ́gba, ọ̀kan ga ju èkejì. Tẹ́ ẹ bá fi tipátipá ki P21W, oníwáyà kan, tí tirẹ̀ dọ́gba, bọ inú rẹ̀, wàhálà míì ni.

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò Amẹ́ríkà tí iná pupa kan náà ń ṣe bíréèkì àti tíráfíkétọ̀, iná ìsàlẹ̀ ń gba inú ọwọ́ tíráfíkétọ̀ kọjá, ti òkè kò gbà á. Nínú irú wọn, ọwọ́ yẹn ni kí ẹ fura sí, àgàgà tí iná pákìǹ kò bá rọlẹ̀.

Àbẹ̀ní: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lù yín. Iná bíréèkì tèmi kì í kú rárá ní tiẹ̀, ó ti fa bátìrì gbẹ.

Rẹ̀mí: Ẹ wo ilẹ̀ lábẹ́ pẹ́dà, bóyá ẹ máa rí ìrunrún rọ́bà tàbí ike. Rọ́bà kékeré kan wà lára apá pẹ́dà tó ń ti imú súwíìṣì wọlé tí ẹsẹ̀ bá kúrò níbẹ̀. Tó bá gbó, á fọ́, imú súwíìṣì á yọ gba inú ihò rẹ̀, mọ́tò á rò pé ẹ ṣì ń tẹ bíréèkì. Rọ́bà yẹn nìkan ni kí ẹ rà, ọwọ́ lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ bọ ihò. Kó tó dé, ẹ yọ fíùsì iná bíréèkì tẹ́ ẹ bá ti páàkì, kí ẹ sì dá a padà kẹ́ ẹ tó wà á.