Òru 61 ní Lọ́ńdọ̀nù ló ba Dùbáì mi jẹ́

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dùbáì:

Ẹnì kan béèrè lánàá bóyá kí òun kó lọ sí ìlú tí owó orí kò ti wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ojú mi ti rí nǹkan.

Iṣẹ́ website ni mò ń ṣe fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dáadáa ní Lọ́ńdọ̀nù, mo bá ara mi níbi tí wọ́n ti ń mú 40 pẹ́ńsì nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó bá ti kọjá iye kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Dùbáì ní àwọn kì í san owó orí lórí owó tó bá wọ àpò èèyàn. Òótọ́ ni. Ohun tí kò sọ ni pé láti June 2023, ilé-iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ bá kọjá 375,000 dírámù lọ́dún ń san 9% lórí èyí tó lé. Ìyẹn náà kò burú. Mo gba láísẹ́ǹsì ní free zone kan, ìyẹn àgbègbè tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́, mo gba físà, mo háyà yàrá kan. Ejẹ́ǹtì tó bá mi ṣe ìwé náà ní bí mo bá ti ní físà àti ilé, 90 ọjọ́ lọ́dún ti tó láti gba ìwé pé ará ibẹ̀ ni mí ní ti owó orí. Kò parọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé èmi nìkan ni mo kó lọ. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, kò ṣe tán láti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ wà nílé-ìwé. Kọ́kọ́rọ́ ilé wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣì wà lápò mi. Mò ń lọ, mò ń bọ̀: Kérésì, ìgbà tí ara ọmọ kò yá, ìgbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi. Nígbà tí akáńtáǹtì mi bi mí pé òru mélòó ni mo sùn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún yẹn, mo ní kò lè ju 40 lọ. A ṣí páásípọ́ọ̀tù, a wo àwọn tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. 61.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á o. Ìwé Dùbáì kọ́ ni òfin Ìlú Ọba ń wò, òru ló ń kà. Bí aago méjìlá òru bá ti lù tí o wà nílẹ̀ wọn, ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo okùn tó ṣì so ọ́ mọ́ ibẹ̀: ìyàwó tàbí ọmọ kékeré, ilé tí o lè sùn sí, iṣẹ́ tí o ṣe níbẹ̀ fún 40 ọjọ́, àti bí o bá ti lò ju 90 ọjọ́ níbẹ̀ nínú ọ̀kan nínú ọdún méjì tó ṣáájú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò tí okùn mẹ́ta ṣì so kò gbọdọ̀ kọjá òru 45, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ṣì kà á sí ará ibẹ̀ ní ti owó orí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, òru 15 péré ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló so èmi! Ní Peckham, pálọ̀ ni mo ti ń ṣí laptop mi, mo rò pé torí pé mi ò sí ní ọ́fíìsì, kì í ṣe iṣẹ́. Bí o bá ti ṣe ju wákàtí mẹ́ta lọ lóòjọ́, ọjọ́ iṣẹ́ ni.

Lọ́dún yẹn mo san owó orí Ìlú Ọba lórí gbogbo rẹ̀, owó láísẹ́ǹsì, físà àti ilé Dùbáì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò bá ejẹ́ǹtì jà. Mi ò fìgbà kan bi í nípa Lọ́ńdọ̀nù.

Ọmọ Ìbàdàn, Houston:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin rí òru kà, èmi ò rí. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí mi sí.

Jọ́jíà ni mo lọ, èyí tó bá Tọ́kì pààlà, kì í ṣe ti Atlanta. Ní Tbilisi, ilé ìjọba kan wà tí òrùlé rẹ̀ dà bí olú, ibẹ̀ ni mo ti forúkọ sílẹ̀, kò gba ọjọ́ kan. Ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, tí wọ́n bá kà á sí oníṣòwò kékeré, 1% ló ń san lórí owó tó wọlé, títí dé 500,000 lárì lọ́dún. Iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn kò sí nínú ẹ̀, kí ẹ̀yin consultant má tíì yọ̀. Fídíò ni mò ń gé ní tèmi.

Àmọ́ ibi yòówù kí ọmọ Amẹ́ríkà wà, owó orí ìlú rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Torí pé mo lo 330 ọjọ́ lókèèrè ní 2024, wọ́n fojú fo $126,500 àkọ́kọ́ fún mi. Mo ti ń jó. Ni akáńtáǹtì bá ní 15.3% tí àwa adáṣẹ́ṣe ń san fún owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àgbà kò sí lára ohun tí wọ́n ń fojú fò. Jọ́jíà kò sì ní àdéhùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà lórí rẹ̀. Mo tún gbọ́dọ̀ máa kéde owó tí mo ní ní báńkì òkèèrè bí ó bá ti lé ní $10,000. Mo ṣì fẹ́ràn Tbilisi ṣá, búrẹ́dì wọn dùn.

Ìyá Aláṣọ, Ìmẹ̀kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, Dùbáì jìnnà. Kútọnu ni tèmi.

Wọ́n ní níbẹ̀, oníṣòwò tí títà rẹ̀ kò bá ju 50 mílíọ̀nù sẹ́fà lọ́dún, 5% ni gbogbo owó orí rẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Mi ò béèrè pé 5% kí ni. Àṣé owó ọjà ni, kì í ṣe èrè! Léèsì tí mo bá tà ní 100,000 sẹ́fà, 8,000 ni mò ń rí nínú ẹ̀. Ìjọba gba 5,000, owó mọ́tò gba ìyókù. Ẹni tó ń ta ọgbọ́n orí lè rí i bíi pé kò wọ́n, aláṣọ tó ń jẹ èrè tín-ín-rín kò lè rí i bẹ́ẹ̀.

Ìmẹ̀kọ náà ni mo ṣì ń sùn, ọkọ mi àti ilé mi wà níbẹ̀, Nàìjíríà ló ni mí ní ti owó orí. Bẹ́ẹ̀ láti 2020 ni òfin wa ti sọ pé ilé-iṣẹ́ tí títà rẹ̀ kò bá ju ₦25 mílíọ̀nù lọ́dún kò ní san owó orí ilé-iṣẹ́, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 sì tún ti gbé e sókè. Ohun tí mo kọjá bódà lọ wá wà nílé.

Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta:

Èmi ní 2021, €100 ni mo fi gba káàdì e-Residency ti Ẹstóníà, mo sì ń pe ara mi ní ará Yúróòpù. Ó ń jẹ́ kéèyàn dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kì í ṣe físà, kò sì yí ibi tí owó orí èèyàn wà padà. Mo ti ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú, kí lẹ wá ṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dùbáì:

Laptop kì í bá mi wọ Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Okùn kan já, ó ku mẹ́ta, òru 45 nìyẹn. Káléńdà wà lára ògiri mi, mo ti fi bírò pupa pa 41 rẹ́. Ọdún owó orí wọn ń parí ní 5 April, ọjọ́ ìbí ọmọ mi sì bọ́ sí 28 March, mo ti fi òru mẹ́rin tó kù pamọ́ fún un. Ó ní kí n jẹ́ kó di márùn-ún. Mo ní mi ò lè ṣe é. Ó ní ṣé Dùbáì ò lè yá òun ní òru kan ni.