Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ọwọ́ èèyàn ní Tarkwa Bay?

ỌmọYunifásitì: Ẹ kú ilé o. Prójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá ni mo ń ṣe, Tarkwa Bay, etíkun kan lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó, ni mo mú, kí n wo ohun táwọn èèyàn ti fojú etíkun yẹn rí. Mo ti wọkọ̀ ojú omi lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo ya fọ́tò ike àti nọ́ọ̀lọ̀n rẹpẹtẹ, mo bu omi sínú ìgò kan, mo kó gbogbo ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ó ní ta ló sọ fún mi pé èèyàn ló fà á, ṣé òkun ò lè dá a ṣe ni? Mi ò rí nǹkan sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó: Àbúrò, Tarkwa Bay gan-an, ọwọ́ èèyàn ló dá a! Láàárín 1908 sí 1912 làwọn òyìnbó to òkúta sínú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté, mole ni wọ́n ń pè é, kí yanrìn má baà dí ọkọ̀ lọ́nà. Yanrìn tiwa níbí, láti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń rìn lọ sí ìlà oòrùn, ìgbì ló ń tì í. Òkúta wá dá a dúró, ni Lighthouse Beach tó wà ní ìwọ̀ oòrùn bá ń sanra, Bar Beach tó wà ní ìlà oòrùn ń rù, títí omi fi ń ya wọ títì Ahmadu Bello, ṣé wọ́n ti bí ẹ nígbà yẹn ṣá? Wọ́n da yanrìn síbẹ̀ títí, òkun ń kó o lọ, kí Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi yanrìn tẹ̀ dó síbẹ̀, tó dé pẹ̀lú ògiri ẹ̀. Àwọn ará Òkun Alfa, abúlé etí òkun tó wà ní ìlà oòrùn ibẹ̀, ní ògiri yẹn ló jẹ́ kí òkun máa jẹ ilẹ̀ àwọn, àwọn tó kọ́ ọ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wá máàpù àtijọ́, kóo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Google Earth.

Alábù: Omi ìgò kan ò lè jẹ́rìí o. Ẹnu ibẹ̀ ni ọ̀sà ń tú gbà, tójò bá ti pọ̀ ní June sí July, odò Ògùn á gbé omi dídùn wá, iyọ̀ á lọ sílẹ̀, tó bá dẹ̀ẹ̀rùn á tún gòkè. Tóo bá fi omi July wé ti February wàá ní ìdọ̀tí ni, òjò sì ni. Fi ẹ̀ẹ̀rùn wé ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tómi kún wé ìgbà tómi kún, kóo tún mú ibòmíì térò kì í dé. Oxygen inú omi kẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni kóo ti wọ̀n ọ́n, èyí tó bá ti bá ẹ jókòó nínú gósìlóò Third Mainland, dà á nù.

Ọmọ Apẹja: Ibẹ̀ la gbé kí wọ́n tó lé wa ní 2020. Pàǹtí Monday àti pàǹtí ẹ̀yìn òjò ò jọra rárá. Ti Monday, ìgò bíà àti ike oúnjẹ, àwọn tó wá gbafẹ́ ní Sunday ló jù ú sílẹ̀. Ti ẹ̀yìn òjò, nọ́ọ̀lọ̀n pure water, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, òṣíbàtà tòun ti gbòǹgbò, òṣíbàtà ò sì lè gbé inú omi iyọ̀, a jẹ́ pé láti inú ọ̀sà àti gọ́tà Èkó ló ti wá nìyẹn. Ta okùn 100 mítà, ṣà á, wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

ỌmọYunifásitì: Ha, ẹ ṣé gan-an! Òjò rọ̀ mọ́jú, ọ̀la ni mo ń lọ. Ta ló ní òṣùwọ̀n alásokọ́ tó lè yá mi?