Ìdámẹ́wàá mẹ́ta, àbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá?

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

A ń wá orúkọ Yorùbá fún nọ́ńbà méjèèjì inú ìdá (fraction), bí 3 àti 10 inú 3/10. Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá «iye òkè» àti «iye ìsàlẹ̀» gbìyànjú, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn. Ibi tí nọ́ńbà jókòó sí nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe. Ibòmíràn gan-an ni ẹ̀gún wà.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wo ní Kàbbà ni kò mọ ìdámẹ́wàá? Bí bàbá rẹ̀ bá gba ẹgbẹ̀rún náírà, ọgọ́rùn-ún ni ti ìjọ. Mẹ́wàá yẹn ni iye ọ̀nà tí a pín owó sí. Ó wá dé kíláàsì, tíṣà ní 3/10 ni «ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá». Nọ́ńbà tó tẹ̀lé ìdá ti pààrọ̀ iṣẹ́ láìdágbére: iye tí a mú ló dà. Bí ọmọ náà bá tún gbọ́ «ìdá mẹ́ta», ṣé kó kọ 1/3 ni, àbí kó máa retí «nínú»?

Èmi ní kí a dúró lórí ti ṣọ́ọ̀ṣì: ìdámẹ́wàá kan, ìdámẹ́wàá méjì, ìdámẹ́wàá mẹ́ta, bí ẹni ń ka iṣu. Mẹ́ta pẹ̀lú méjì, ìdámẹ́wàá márùn-ún, ìdajì nìyẹn. Ọmọ tó bá ń kà á báyìí kò ní tètè sọ pé 1/2 pẹ̀lú 1/3 jẹ́ 2/5, nítorí orúkọ wọn kò bára mu. Yóò kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ìdámẹ́fà: mẹ́ta àti méjì, ìdámẹ́fà márùn-ún.

Bí orúkọ bá di dandan, «iye ìpín» tó fún ti ìsàlẹ̀. Ǹ bá ní «ìmú» fún ti òkè, àmọ́ ẹ mọ àwọn ọmọ wa: imú ni wọn ó máa fọwọ́ kàn.

Àwọn kan ní kí la ń da ara wa láàmú sí, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà 2022, èyí tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ, ní oṣù kọkànlá 2025, tí ìjọba sì ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n gbàgbé pé Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́, àtàwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Tíṣà tó bá sì rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ò wọlé, èdè ilé náà ni yóò fi tún un sọ, òfin wà, òfin ò sí.

Ibi tí àbá mi ti wúwo ni 2/45. «Ìdámárùndínláàádọ́ta méjì» á fa ẹnu ya. Irú èyí, kí tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó, kó máa pè é ní «méjì nínú márùndínláàádọ́ta» títí a ó fi rí ẹni tó mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.