Mo ń kó lọ sí Osaka, mo sì ń mu vape: kí ni mo lè gbé dání?

Adéọlá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ọdún 2 ń gbé mi lọ sí Osaka lóṣù tó ń bọ̀. Sìgá oníbátìrì, ìyẹn vape, ni mo ń lò. Omi rẹ̀ ní nikotíìnì, 20 mg nínú mílílítà kan. Mo rí tíkẹ́ẹ̀tì 3 tówó wọn mọ níwọ̀n: ọ̀kan gba Hong Kong, ọ̀kan gba Singapore, ìkẹta gba Bangkok. Ṣé òfin Jàpáànì gbà á? Mílílítà mélòó ni mo lè gbé? Tó bá tán, ṣé mo lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Àwọn 2 tá a jọ ń lọ tún ní kí n bá àwọn gbé tiwọn mọ́ tèmi.

Ṣọlá:
Wọ́n ti fòfin de vape ní Jàpáànì. Fi sílẹ̀.

Káyọ̀dé:
Ṣọlá, títà ni wọ́n dè. Lójú òfin Jàpáànì, oògùn ni omi vape tó bá ní nikotíìnì, oògùn tí ìjọba wọn ò sì tíì fọwọ́ sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tí kò ní nikotíìnì lèèyàn máa ń bá nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí èèyàn gbé èyí tó máa lò fúnra ẹ̀ wọlé: ìwọ̀n oṣù 1, tí wọ́n kà sí mílílítà 120, àti ẹ̀rọ 2. Ìgò onímílílítà 10 méjìlá nìyẹn, Adéọlá. Bó o bá máa gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ, o ní láti kọ́kọ́ gba ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Yunyu Kakunin-sho (Yakkan Shomei ló ń jẹ́ títí di 2020). Kí ẹrù tó dé ni wọ́n ń gba ìwé yẹn o. Àwọn tó ń dúró dìgbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ló ń pàdánù ẹ̀.

Ní ti àwọn 2 yẹn, má gbà á lọ́wọ́ wọn. Torí pé ìwọ fúnra ẹ lo máa lò ó ni wọ́n ṣe gbà á láyè. O ò gbọdọ̀ tà á, o ò sì gbọdọ̀ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, bó o ò tiẹ̀ gba kọ́bọ̀. Kí kálukú gbé tiẹ̀ sínú báàgì tiẹ̀. Mílílítà 360 nínú báàgì ẹnì kan, ọjà títà ni wọ́n máa pè é.

Bó bá tán, o lè rà á láti òkè òkun, lórúkọ ara ẹ, sí àdírẹ́sì ara ẹ, kó má ju mílílítà 120 lọ. Má jẹ́ kí páálí 2 wà lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ra omi nìkan, má fi ẹ̀rọ kún un, torí bátìrì máa ń dá páálí dúró. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lo ti fẹ́ rà á, USPS, ìyẹn ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba wọn, ò gbé vape mọ́ láti October 2021.

Ìyábọ̀:
Ojú ọ̀nà ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn ẹ́. Singapore: láti 1 February 2018 ni rírà á, mímu ún àti níní in lọ́wọ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì tún fi kún ìyà rẹ̀ ní September 2025. Fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Bangkok: láti 2014 ni Thailand ti fòfin de gbígbé e wọlé. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló lè já sí, tàbí owó ìtanràn tó tó ìlọ́po 5 iye ọjà náà, tàbí méjèèjì. Fagi lé ìyẹn náà.

Hong Kong ló gba àlàyé. Láti 30 April 2022 ni wọn ò ti gbà kí vape wọlé, àmọ́ kò kan èrò tó kàn ń bọ́ látinú ọkọ̀ òfurufú kan sínú òmíì tí kò kọjá imigiréṣọ̀n. Wàyí o, wo tíkẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n so pọ̀ tó fi dínwó bẹ́ẹ̀, wàá jáde lọ gba ẹrù ẹ, wàá tún padà wá fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó o bá ṣe kọjá imigiréṣọ̀n báyìí, o ti gbé vape wọ Hong Kong nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kó o rà, kó o sì rí i pé KIX (àmì èápọ̀ọ̀tù Osaka) ni wọ́n kọ sára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹrù ẹ látìbi tó o ti gbéra. Bí ọkọ̀ kejì ò bá gbéra lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì láàárín ìlú, ìjókòó inú èápọ̀ọ̀tù ni kó o sùn lé. Tó o bá rówó ọkọ̀ tó lọ tààrà, ìyẹn ló dáa jù.

Túndé:
Àǹtí Adéọlá, ẹ má fi ẹ̀rọ yẹn sínú ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú o. Báàgì ọwọ́ nìkan ni wọ́n gbà, torí bí bátìrì bá gbiná nítòsí èrò, àwọn òṣìṣẹ́ á tètè pa á. Ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún kó lè kú (ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń kú báyẹn), ẹ má sì ṣájì ẹ̀ nínú ọkọ̀. Bátìrì tẹ́ ẹ bá mú sọ́wọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ike tiẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó bá lọ kan orí méjèèjì lè mú kó gbiná. Agbára bátìrì kan ò gbọdọ̀ ju 100 Wh (wáàtì-wákàtí) lọ. Ṣírò ẹ̀ rọrùn: bátìrì 18650 (irú bátìrì róbótó kan tí wọ́n ń fi sínú vape) tí wọ́n kọ 3000 mAh sí lára, ẹ fi 3.7, ìyẹn fólítì ẹ̀, sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 1000 pín in, 11.1 Wh ni.

Ẹ da omi inú táǹkì nù kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ máa ń fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 2000. Èyí tó há sínú táǹkì á wá fẹ̀, á sì ti omi gba inú kọ́ìlì (wáyà tó ń mú omi náà gbóná) jáde sára aṣọ yín. Ìgò 12 yẹn lè wà lọ́wọ́ yín tó bá gba inú ọ̀rá onílítà 1, òun àti ọṣẹ ìfọyín ni wọ́n jọ máa pín in. Tí ò bá gbà á, omi lè lọ sísàlẹ̀.

Adéọlá:
Ẹ ṣeun gan-an. Tíkẹ́ẹ̀tì Hong Kong yẹn, 2 ni lóòótọ́. Mo ti fi sílẹ̀. Ṣé mo lè gbé e dání tí mo bá lọ ṣe ìsinmi ní Taiwan tàbí Ọsirélíà?

Káyọ̀dé:
Taiwan kọ́! Láti 22 March 2023 ni wọ́n ti fòfin dè é. Ìtanràn ẹni tó bá gbé e wọlé bẹ̀rẹ̀ láti 50,000 owó Taiwan, ó sì lè dé 5,000,000. Ọsirélíà gbà á lọ́wọ́ arìnrìn-àjò tó bá jẹ́ tiẹ̀: ẹ̀rọ 2, omi mílílítà 200, pod (ike kékeré tí omi ń wà nínú ẹ̀) àti irú wọn 20. Àmọ́ wọn ò gbà kéèyàn fi í ránṣẹ́ sára ẹ̀ níbẹ̀ mọ́ láti 1 March 2024.

Ìyábọ̀:
Kó o tó di ẹrù, ka ara ìgò kọ̀ọ̀kan. Èyíkéyìí tí wọ́n bá kọ CBD (èròjà kan tó ń wá látara igbó) sí, yọ ọ́ kúrò. Láti 12 December 2024, ìwọ̀n THC (èròjà inú igbó tó ń pani bí ọtí) tí Jàpáànì gbà nínú òróró CBD ò ju 10 mg lọ nínú kìlógíráàmù kan, oògùn olóró sì ni wọ́n ka èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ sí.