Chevelle 1969 mi: ṣé ojúlówó SS ni, àbí Malibu tí wọ́n lẹ àmì mọ́?

Àkàndé_Houston:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọkọ̀ kan ni mo fẹ́ tà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà mí lójú rú. Chevrolet Chevelle 1969 ni, pupa fòò, ilẹ̀kùn méjì, jíà ọwọ́. Bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa ló tà á fún mi nígbà tó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Àmì SS 396 (Super Sport, irú Chevelle alágbára tó ń gbé ẹ́ńjìnnì ńlá 396) wà níwájú, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wà lẹ́yìn.

Owó yunifásítì ọmọ mi obìnrin ti sún mọ́lé, ni mo bá gbé ọkọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Alágbàtà kan wá, ó yí i po, kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ó ní Malibu lásán ni, ìyẹn Chevelle tí kì í ṣe SS. $24,000 ló pè é. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní n kò gbọdọ̀ gbà kó dín ní $60,000. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ẹni tó máa rà á, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rẹ́ mi jẹ. Báwo ni mo ṣe máa mọ òótọ́?

Bàbá_Kọ́là_Michigan:
Àkàndé, àbúrò mi, má tíì gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Láti 1966 dé 1968, tí nọ́ńbà Chevelle bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 138, SS 396 ni, kò lẹ́jọ́ nínú. Nígbà tó di 1969, Chevrolet sọ SS di àfikún tí oníbàárà ń sanwó lé lórí. Z25 ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé wọn. Àtìgbà náà ni nọ́ńbà ò ti sọ nǹkan kan mọ́: 136 ni Malibu onísílíńdà mẹ́jọ ń gbé, 136 náà ni SS tí wọ́n ṣe látara rẹ̀ ń gbé. Ẹni tó bá torí nọ́ńbà yẹn nìkan pe ọkọ̀ 1969 ní ayédèrú, bí kì í báá ṣe aláìmọ̀kan, ńṣe ló fẹ́ rà á lọ́pọ̀.

Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí o dúró sápá ibi tí èrò ń jókòó. Níwájú ẹ́ńjìnnì, lápá ọ̀tún, wàá rí ojú irin pẹrẹsẹ kékeré kan. Fi àkísà àti kẹrosíìnì nù ún, má fi bébà tí wọ́n fi ń ha pẹ́ńtì kàn án o! Tí lẹ́tà inú nọ́ńbà gíláàsì bá jẹ́ K, Kansas City ni wọ́n ti kọ́ ọkọ̀ náà. 19K (9 yẹn ló dúró fún 1969) ló yẹ kó wà lára ẹ́ńjìnnì, kí nọ́ńbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn sì tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí níbẹ̀, wo ẹ̀gbẹ́ fílítà ọ́ìlì. Tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá bá ti gíláàsì mu, ẹ́ńjìnnì tó bá a wáyé nìyẹn.

Tan iná sójú irin náà dáadáa. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀ máa ń gba iwájú lọ sẹ́yìn. Tó bá ń dán, tàbí tí ilà rẹ̀ ń yí òbìrí, wọ́n ti ha á, wọ́n sì ti lu nọ́ńbà míì sí i. Mo ti rí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ wọ́ gágogàgo bí eyín ọmọ ọdún méje, tí olówó ọkọ̀ ṣì ń búra.

Lẹ́yìn náà, sùn sábẹ́ rẹ̀, kí o ka nọ́ọ̀tì tó de ọmọrí jíà ẹ̀yìn, ìyẹn dífáránṣà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Méjìlá ni ti SS. Bó bá jẹ́ mẹ́wàá, ara ti ń fu mí. Bíréèkì iwájú náà ní láti jẹ́ oníjáwo (disc brake). Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ló ṣeé pàrọ̀, ìwé ló lágbára jù. Ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ fi to ọkọ̀ náà lè ṣì wà lórí táńkì epo tàbí láàárín sípíríǹgì àga. Ẹni tó ní Pontiac lè kọ̀wé sí PHS, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ Pontiac; Ford láti 1967 sì ní ìwé Marti, tí wọ́n ń kọ látinú àkọsílẹ̀ Ford. Chevrolet ìgbà yẹn tí wọ́n kọ́ ní Amẹ́ríkà ò nírú ẹ̀, kí oníkálùkù máa tú àga.

Ọmọ_Atlanta:
Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ sà. Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ kúkú tà á kẹ́ ẹ fi ra Dodge Challenger Hellcat. Agbára ẹṣin 707! Tiyín, bó bá jẹ́ SS 396 tó kéré jù, 325 ni. Wọn ò ṣe é mọ́ báyìí, èyí tó kẹ́yìn jáde ní Brampton ní Kánádà lóṣù Kejìlá 2023, Camaro ti Chevrolet náà sì dópin lóṣù yẹn kan náà.

Bàbá_Kọ́là_Michigan:
Ọmọ mi, òṣùwọ̀n wọn ò dọ́gba. Ayé 1969, orí àga irin ni wọ́n ti ń wọn ẹ́ńjìnnì, láìsí ẹ̀sọ́ọ̀sì ọkọ̀, láìsí fílítà afẹ́fẹ́. 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye tó ń jáde nígbà tí gbogbo ẹrù ọkọ̀ wà lára rẹ̀. Nítorí náà 325 yẹn gan-an ò tó 325. Mi ò bú Hellcat o, mo fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ méjì ló ń bá a wá: dúdú ń dá a dúró sí 500, pupa ló ń tú 707 sílẹ̀. Èwo lo máa fún ọmọ rẹ?

Àti pé ẹni owó ilé ìwé ń lé lo ní kó lọ ra ọkọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Dallas:
😂 Ẹ ṣeun, Bàbá. Bọ̀dá Àkàndé, ẹ fi aṣọ wé mágínẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi kan bọ́dì lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, bọ́dì fílà, tí kì í ṣe irin, ni wọ́n fi dí ìpẹtà níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ má fi pamọ́. Inú báńkì ẹni tó ń rà á ni kí ẹ ti gba ṣẹ́ẹ̀kì, níwájú òṣìṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ní òun á fi owó tó ju iye tẹ́ ẹ pè ránṣẹ́, kẹ́ ẹ wá dá ìyókù padà, olè ni. Ní Texas níbí, ẹ fi tó ìjọba létí láàárín 30 ọjọ́ pé ẹ ti tà á, kí owó ìtanràn ẹlòmíì má bàa wá bá yín nílé.

Àkàndé_Houston:
Ẹ ṣé gan-an ni. Nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn pé méjìlá, bíréèkì iwájú jẹ́ oníjáwo. Ẹ́ńjìnnì gbé 19K, ilà rẹ̀ sì lọ gbọọrọ, àmọ́ nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ò bá ti gíláàsì mu. Kò sí ìwé kankan lábẹ́ àga. Mo fẹ́ sọ táńkì kalẹ̀ ní Sátidé. Kí ni kí n kọ sí ìpolówó?

Bàbá_Kọ́là_Michigan:
Kọ ọ́ bó ṣe rí: "Chevelle 1969 tó ní àmì àti ohun èlò SS, ẹ́ńjìnnì láti ara ọkọ̀ 1969 míì, kò tíì sí ìwé ilé iṣẹ́." Fi fọ́tò ojú irin yẹn síwájú pátápátá. Pè é ní $45,000, kí o gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Bó o bá rí ìwé lórí táńkì, padà wá bá mi ká tún owó náà pè. Kó o tó sọ táńkì ọ̀hún, fa epo inú rẹ̀ jáde o.