Àbọ̀ rèé: mo lọ sí ìpàdé àdúrà àwọn Kátólíkì yẹn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo bèèrè bóyá kí n jẹ́ ìpè sí ìpàdé àdúrà àwọn Kátólíkì, nígbà tí n kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, tí ọ̀fọ̀ ìyá mi sì ṣì wà lọ́rùn mi.

Nínú ìmọ̀ràn tí ẹ fún mi, èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí n tètè dé fún rosárì, àdúrà tí wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kà, kí n má dúró de Míísà, ìsìn wọn gan-an. Ìpín márùn-ún ni rosárì náà, àdúrà "Mo kí ọ, Màríà" mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹnu mi tètè mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí n ò retí ni pé wọ́n bèèrè orúkọ àwọn òkú tí a fẹ́ gbàdúrà fún. Nínú ìjọ tèmi, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dárúkọ ìyá mi. Màmá àgbàlagbà kan fa àga rẹ̀ mọ́ tèmi, ó ní ọkọ òun náà wà nínú orúkọ tí wọ́n kà. A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, síbẹ̀ ara tù mí ju gbogbo "ẹ pẹ̀lẹ́" tí mo ti ń gbọ́ lọ.

Ti ìmọ̀ràn pé kí n ká apá mọ́ àyà nígbà Kọmúníọ̀n, kí Fàdá súre fún mi dípò kí n gbà á: ó bọ́ sí i níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ sí àyè rẹ̀ náà kò ṣẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bínú pé mo lọ. Ìyẹn ló kù. Ẹ ṣeun.