Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi nípa MPI: ó ti yanjú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo béèrè ìdí tí kọ̀ǹpútà mẹ́rin tí a so pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí kì í fi í parí iṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dáhùn, ẹ ṣeun gan-an.

MPI, ìlànà tí ẹ̀dà ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, kì í bá èèyàn pín iṣẹ́. Ètò tí a bá kọ ló ń pín in. Dọ́gba-dọ́gba ni ètò wa pín àwòrán oko kó tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwòrán tí igi kún inú rẹ̀ máa ń pẹ́ ju ti ilẹ̀ gbalasa lọ. Mẹ́ta á ti jókòó, ọ̀kan á ṣì máa làágùn. Epo jẹnẹrétọ̀ tó ń jó lásán ló dùn mí jù!

Ní báyìí, rank 0 ti di olórí (rank ni nọ́mbà tí MPI fún ẹ̀dà ètò kọ̀ọ̀kan). Ẹni tó bá parí á ránṣẹ́ sí i, olórí yóò fi MPI_ANY_SOURCE (“láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni”) gbọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, á sì fún un ní iṣẹ́ òmíràn. Kí kọ̀ǹpútà olórí náà lè máa ṣiṣẹ́, mo fi òṣìṣẹ́ kan sórí rẹ̀: rank márùn-ún lórí kọ̀ǹpútà mẹ́rin.

Ìwọ̀n ohun tí à ń bù fún wọn ló gba ọgbọ́n. Tó bá kéré jù, ìránṣẹ́ á gba àkókò ju iṣẹ́ lọ. Tó bá tóbi jù, ẹni tó gbà á kẹ́yìn á dá gbogbo wa dúró. Mo ń bu púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, mo sì ń dín in kù bó ṣe ń tán lọ. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, Polychronopoulos àti Kuck, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1987. Guided ni OpenMP, ìlànà tí a fi ń pín iṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kan, ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n tó dárúkọ work stealing (kí ẹni tí iṣẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀ máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣì ní, láìsí olórí), òótọ́ lẹ sọ: bí ẹ̀rọ bá pọ̀ rẹpẹtẹ, apá olórí kan ò ní ká a. Fún mẹ́rin, èyí tó.